Ṣé Àfi Kí Ọmọ Mi Mọ Ẹnìkan Kó Tó Wọ Yunifásítì ní Amẹ́ríkà?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi wà ní SS3 ní Ìbàdàn níbí, ó sì fẹ́ lọ kàwé gboyè ní Amẹ́ríkà. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń gbé ní Maryland sọ pé àfi kí a wá ọ̀nà láti di ojúlùmọ̀ àwọn tó ń gba ọmọ wọlé, nítorí pé ẹni tí wọ́n bá mọ̀ ni wọ́n ń mú. Mo ń rò ó pé kí n kọ lẹ́tà sí wọn fúnra mi, kí n sì fi àdìrẹ díẹ̀ ránṣẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é? (Ìyá kan ní Bódìjà)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa, Mà. Ẹ fi àdìrẹ náà sílẹ̀, kí ẹ má sì kọ lẹ́tà kankan fúnra yín. Ẹ̀bùn láti ọwọ́ òbí tí ìwé ọmọ rẹ̀ wà lórí tábìlì lè jọ rìbá lójú wọn, bó ti wù kó kéré tó. Ní ọdún 2019, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ọ̀pọ̀ òbí olówó lọ sílé ẹjọ́ nítorí owó tí wọ́n san kí ọmọ wọn lè wọlé, wọ́n sì rán William Singer tó ṣe alágbàtà wọn lọ sẹ́wọ̀n ọdún 3 àti ààbọ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2023. Lẹ́tà ìyá kò burú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á lè máa rò ó bóyá ọmọ ló fẹ́ lọ tàbí ìyá ló fẹ́ rán an.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ yín kò ṣófo pátápátá. Ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n máa ń pín ayé sí agbègbè, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á sì máa bójú tó tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń ka ìwé àwọn ọmọ Nàìjíríà lè jẹ́ ẹni kan náà tó ń ka ti Gánà àti Kẹ́ńyà. Òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ ka ìwé ọmọ, òun náà ni yóò sì ṣe agbẹnusọ fún un nígbà tí ìgbìmọ̀ bá jókòó. Kò sì lè sọ ju ohun tó mọ̀ lọ. Àǹfààní tó wà nínú kí ọmọ bá a sọ̀rọ̀ kò ju pé kí ó rí ọmọ náà kedere lọ. Pé ó fẹ́ràn rẹ̀ nìkan kò lè mú un wọlé.

Ilé-ìwé kò sì rí bákan náà. MIT àti Yale, yunifásítì ńlá méjì ní Amẹ́ríkà, ti sọ gbangba pé àwọn kì í ka iye ìgbà tí ọmọ bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́ ìpinnu àwọn, nígbà tí American University ní Washington ń kà á sí. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló máa ń gbé ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Common Data Set jáde lọ́dọọdún. Kí ọmọ yín wo apá C7 níbẹ̀, yóò rí bí wọ́n ṣe ka ìfẹ́ tí ọmọ fi hàn sí ilé-ìwé wọn sí pàtàkì tó.

Bí ó bá fẹ́ kọ̀wé, kí ó kọ ímeèlì kúkúrú lọ́rọ̀ ara rẹ̀: orúkọ rẹ̀, ilé-ìwé rẹ̀, ọdún tí yóò jáde, àti ìbéèrè kan tí ìdáhùn rẹ̀ kò sí lórí ìkànnì wọn. Ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù yóò kásẹ̀ nílẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè. Ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè bóyá ẹni tó wọlé láti kẹ́kọ̀ọ́ bàọ́lọ́jì lè yí sí ẹnjiníárìn láìpàdánù ẹ̀kọ́wọ̀fẹ́ rẹ̀, ìbéèrè gidi nìyẹn. (Kí ó má fi ìlà mẹ́fà kí wọn kó tó sọ ohun tó ń bá wá, a mọ̀ pé ọmọ tí a kọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn, pàápàá láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta.) Kí ó máa bá wọn ṣe ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì lọ sí ọ́fíìsì EducationUSA ní Èkó, níbi tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń gba àwọn tó fẹ́ lọ kàwé lọ́hùn-ún nímọ̀ràn, nítorí wọ́n máa ń mọ̀ bí òṣìṣẹ́ ilé-ìwé kan bá ń bọ̀. Kí ó má ṣe máa tọ òṣìṣẹ́ lẹ́yìn lórí Facebook tàbí Instagram.

Ìbéèrè tí mo kà sí pàtàkì jù ni ti owó, òun sì ni àwọn ènìyàn wa máa ń tijú láti béèrè. Harvard, Yale, Princeton, MIT àti Amherst wà lára ìwọ̀nba ilé-ìwé tí kì í fi owó ọmọ ilẹ̀ òkèèrè pinnu bóyá kí wọ́n gbà á. Àwọn tó pọ̀ jù ń wò ó, ojúlùmọ̀ kankan kò sì lè fi kún àpò ilé-ìwé. Kí ó tètè béèrè, kí ó sì sọ òtítọ́.

ÌBÉÈRÈ: Yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ní kí n ṣì dúró ná, pé orúkọ mi wà lára àwọn tí wọ́n lè pè bí àyè bá ṣí. Ṣé kí n máa kọ̀wé sí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Rárá. Kọ́kọ́ wò ó bóyá ilé-ìwé náà fẹ́ lẹ́tà rárá, nítorí àwọn mìíràn a máa sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́. Bí wọ́n bá gbà, kọ ẹyọ kan: sọ ohun tuntun tó ti ṣẹlẹ̀, bí èsì WAEC rẹ, kí o sì sọ pé wàá wá bí wọ́n bá pè ọ́, bí ó bá jẹ́ òtítọ́. Lẹ́yìn èyí, gba àyè tí ilé-ìwé mìíràn bá fún ọ kí ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, tí ọ̀pọ̀ wọn fi ṣe gbèdéke, tó kọjá.