Ẹ má tíì ra bátìrì, ẹ kọ́kọ́ ka mítà yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní iye tí wọ́n ń gbà lórí iná yín ti ń yàtọ̀ láti wákàtí sí wákàtí, pé ti ìrọ̀lẹ́ wọ́n jù, ṣé kí ẹ ra bátìrì tí yóò máa tọ́jú iná àsìkò tí kò wọ́n de ìrọ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù ná. Ojú mi ti rí i.

Oṣù tí mo kọ́kọ́ bọ́ sínú irú ètò yìí, ńṣe ni owó iná mi lé sí i, bẹ́ẹ̀ òru ni mo ń fọ aṣọ, tí mo sì ń pa gílóòbù kiri. Ó dùn mí gan-an. Mo mú ìwé kékeré kan, mo ń ka mítà ní wákàtí wákàtí fún ọjọ́ mẹ́ta. Híità omi ni! Táǹkì tó ń gba lítà 100 ni, kí omi rẹ̀ sì tó kúrò ní ìwọ̀n 20 dé 60, ó ti jẹ yúnìtì tó sún mọ́ 5. Bí gbogbo ilé bá ti wẹ̀ tán lálẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, lásìkò tí iná wọ́n jù. Gílóòbù wáàtì 10 tí mo ń pa kiri, wákàtí 100 ni yóò fi tàn kó tó jẹ yúnìtì 1.

Oníṣẹ́ iná bá mi so táímà tó lè gbé agbára híità náà mọ́ ọn, kó máa tàn láti aago 2 sí 5 òru nìkan. Omi yẹn ṣì máa ń gbóná di alẹ́.

Ẹ wò ó báyìí. Ká ní 10 ni owó yúnìtì kan tẹ́lẹ̀, tí ìrọ̀lẹ́ wá di 16, tí àsìkò yòókù di 7. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta iná yín bá bọ́ sí ìrọ̀lẹ́, iye tí ẹ ń san tẹ́lẹ̀ náà ni. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ń pàdánù.

Ní ti bátìrì, yúnìtì 10 tí ẹ bá rọ sínú rẹ̀, bíi 9 ló ń jáde, nígbà míì kì í tó bẹ́ẹ̀. Iná tí ẹ rà ní 7 ti di 7.8 nìyẹn, èrè yín lórí yúnìtì kan sì jẹ́ bíi 8. Ẹ wá pín owó bátìrì sí gbogbo yúnìtì tó máa gbé jáde kó tó kú. Bí èsì rẹ̀ bá ju 8 lọ, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́jà. Tèmi jù ú lọ dáadáa, mi ò rà á.

Ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ nìkan ni mi ò gbé lọ sí òru. Ó lè gbiná nígbà tí gbogbo ilé ti sùn.

Ẹ ka mítà nígbà tí owó ńlá bá bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá parí, fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ gbé e wá, a ó jọ ṣírò rẹ̀.