Má tíì kọ fọ́ọ̀mù dókítà o

Òkun o, àbúrò mi ọmọ Kabba. O ní ó ti pẹ́ tó o ti pa ẹ̀kọ́ wíwa ọkọ̀ òfuurufú tì ní Texas, o fẹ́ padà sí i, o wá ń bèèrè bóyá ọkọ̀ kékeré oníjókòó méjì máa dín owó kù. Á dín in kù. Ẹ́ńjìnnì Rotax inú púpọ̀ wọn ń mu bíi gálọ́ọ̀nù epo 4 sí 5 ní wákàtí kan, Cessna 172 oníjókòó mẹ́rin ń mu bíi 8 sí 9. Sport pilot, ìwé-àṣẹ fún ọkọ̀ kékeré, ń fẹ́ wákàtí 20 lókè, ó kéré tán. Private pilot, èyí tó gbòòrò jù ú lọ, ń fẹ́ 40. Wákàtí inú logbook rẹ, ìwé tó o ń kọ iye wákàtí tó o fò sí, kì í jẹrà. Wá tíṣà, kí ẹ jọ gòkè, á mọ ibi tó kù sí.

Dókítà ni wàhálà. Òfin Amẹ́ríkà gbà kí sport pilot fi láísẹ́nsì mọ́tò rọ́pò ìwé ìlera. Ṣùgbọ́n tó o bá ti béèrè ìwé ìlera rí, èyí tó o béèrè kẹ́yìn ni FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, máa wò. Tí wọn ò bá fún ọ, tàbí tó ṣì wà lórí tábìlì wọn, láísẹ́nsì mọ́tò ò wúlò fún ọ lókè. Tí wọ́n bá fún ọ nígbà náà, tí wọn ò gbà á padà, tí ọjọ́ rẹ̀ kàn kọjá, má kọ fọ́ọ̀mù tuntun. Máa fi láísẹ́nsì lọ.

Ọlọ́gbọ́n kan ló ní kí n lọ gba tuntun kí ọkàn mi lè balẹ̀. Dókítà we rọ́bà mọ́ mi lápá, ó fún un títí ọwọ́ mi fi kú. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ 155 lókè, 95 nísàlẹ̀ ni wọ́n gbà láàyè. Tèmi fi díẹ̀ lé e. Mo ní kó jẹ́ kí n sinmi kó tún un wò, nítorí mo sáré wọlé ni. Kò gbójú sókè. Ó ní òun ti fi ránṣẹ́ sókè. Òkè wo? Lẹ́tà FAA bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Wọ́n fẹ́ àbọ̀ dókítà ọkàn. Mo fi ránṣẹ́, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù. Mo fi tuntun ránṣẹ́, wọ́n ní orúkọ gbogbo oògùn tí mo ń lò ńkọ́. Ẹni tó gbé fóònù ń jẹ nǹkan lọ́wọ́, mò ń gbọ́ bó ṣe ń rún un! Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní gbèdéke. Tó o bá dákẹ́, wọ́n á ní àwọn ò fún ọ. Ní gbogbo àkókò yẹn n kò lè dá fò, ẹlòmíràn ló ń gbé ọkọ̀ tí mo ti sanwó sílẹ̀ fún.

Tó o bá fẹ́ mọ bí ara ṣe rí, dókítà tìrẹ ni kó o lọ bá. N kò ní kó o fi àìsàn pamọ́ o. Ẹni tí òòyì ń kọ́, kó jókòó sílé.

Ìwúwo náà wà ńbẹ̀. 600 kìlógíráàmù ni òpin ọkọ̀ light sport ti àtijọ́, àtepo, àtìwọ, àti tíṣà. Yàgbà tó ń jẹ iyán bíi tèmi, tó bá bá tíṣà tó sanra pàdé, táǹkì ò ní lè kún. Àmọ́ láti ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá 2025 ni òfin ti là á fẹ̀: sport pilot lè wa ọ̀pọ̀ Cessna 172, ẹnì kan péré ló lè gbé. Béèrè iye tí wọ́n ń yá Cessna ògbólógbòó ládùúgbò rẹ kó o tó sáré lọ bá ọkọ̀ kékeré.

Àwọn ará ilé tó ń bèèrè ìgbà tó o máa fi ọkọ̀ balẹ̀ ní Kabba, sọ fún wọn pé sport pilot Amẹ́ríkà ò bá ìlànà àgbáyé mu. Tí fífò dé Ilọrin bá wà lọ́kàn rẹ, private pilot ni kó o gbà ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún.

Wá ìwé ìlera àtijọ́ rẹ jáde lónìí, kó o sọ fún mi bóyá wọ́n fún ọ àbí wọ́n dá a dúró.