Ara ọmọ gbóná, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì. Ọmọ oṣù 14 ni ọmọ mi. Lálẹ́ àná, orí àti àyà rẹ̀ gbóná janjan, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù bí omi àmù. Tẹmómítà gbé 38.6 jáde. Ìyá ọkọ mi ní òtútù ló mú un, kí n fi aṣọ bò ó. Aládùúgbò mi ní kí n da omi tútù sí i lára. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Màmá ò purọ́ nípa òtútù yẹn. Inú ọpọlọ ni ohun tó ń díwọ̀n ooru ara wà. Bí àìsàn bá wọlé, á gbé ìwọ̀n náà kúrò ní 37 lọ sí 39, ká ní bẹ́ẹ̀. Ara á wá máa wá ooru kún ooru: iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ á fún, ẹ̀jẹ̀ á dín kù lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, ọmọ á máa gbọ̀n. Bí ẹ bá bò ó, ooru ò ní ríbi gbà jáde. Bí ẹ bá sì da omi tútù lé e, iṣan á tún fún sí i, gbígbọ̀n á pọ̀ sí i, ooru míì nìyẹn. Aṣọ fẹ́lẹ́ kan ti tó. Ẹ máa fún un lọ́mú àti omi léraléra. Bí ara bá ń ni ín, ẹ fún un ní paracetamol ọmọdé, níwọ̀n tó bá bó ṣe wúwo mu.

Ẹ ò sọ bí ẹ ṣe wọn 38.6 yẹn. Ẹ nu òógùn abíyá rẹ̀, kí ṣóńṣó tẹmómítà kan awọ gan-an, kí ẹ di apá rẹ̀ mọ́ ìhà títí yóò fi dún. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, mo ka 35.9 fún ọmọ kan tó gbóná bí iná lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá wa wò mí, kò sọ̀rọ̀, ó kàn fa síńgílẹ́ẹ̀tì ọmọ náà sókè: orí aṣọ ni mo ki tẹmómítà sí! Lábíyá, láti 37.5 la ti ń pè é ní ibà. Ara máa ń gbóná nírọ̀lẹ́ ju òwúrọ̀ lọ, nítorí náà ẹ kọ aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà.

Èmi tiẹ̀ ka mímí sí ju tẹmómítà lọ. Nígbà tí kò bá sunkún, ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè, kí ẹ ka bí ikùn ṣe ń gbéra fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ní ọjọ́ orí tirẹ̀, bó bá tó 40, ó ti yára jù, ilé ìwòsàn ló kàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí gìrì bá mú un, bí kò bá lè mu ọmú, tàbí bí ẹ bá ń jí i tí kò jí. Bí kò bá tiẹ̀ sí ìkankan nínú wọn, ẹ gbé e lọ ṣàyẹ̀wò malaria lónìí, kó tó lo oògùn malaria kankan. Ẹ mú ìwé tí ẹ kọ nọ́ńbà sí dání.