"Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù": ṣé òwe kọmíṣọ́nnà ni àbí ti aṣòfin?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìjẹ̀dé, ní agbègbè Ìkòròdú wa níbí l'Ékòó, ló bi mí ní ọ̀rọ̀ yìí. Òun àti bàbá rẹ̀ jọ jókòó ti rédíò, wọ́n ń gbọ́ bí àwọn aṣòfin ṣe ń da ìbéèrè bo kọmíṣọ́nnà kan lórí owó tí wọ́n ní wọ́n ná sórí ọ̀nà. Inú bí bàbá. Ó ní kí ló dé tí wọ́n ń yọ àgbàlagbà lẹ́nu, ṣebí gómìnà ló rán an níṣẹ́, Yorùbá sì ti sọ ọ́ tán: "Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún." Ọmọ náà wá ń bèèrè: ṣé bí òwe yẹn ṣe rí nìyẹn? Ṣé kọmíṣọ́nnà kò lẹ́nì kan tí yóò jíhìn fún yàtọ̀ sí gómìnà?

Bàbá mọ òwe, kí wọ́n má bínú sí mi. Ẹnu ẹni tí wọ́n fi í sí ni kò gbà á. Ẹni tó ń bèèrè ló ni òwe yìí.

Ẹ wo bí iṣẹ́ ìránṣẹ́ ṣe rí kí tẹlifóònù tó dé. Ẹsẹ̀ ènìyàn ni ọ̀rọ̀ ń gùn nígbà náà. Ọba tàbí ìjòyè kan yóò rán ọmọdé sí alágbára kan nílùú kejì, bóyá pé kó wá san gbèsè, bóyá pé kó dá ilẹ̀ onílẹ̀ padà. Ìránṣẹ́ yóò dé ọ̀hún, yóò bá ọkùnrin gìrìpá lórí ìjókòó, àwọn ènìyàn rẹ̀ yí i ká, ọkàn rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì. Ohun tí yóò máa wù ú ni kó fi oyin sí ọ̀rọ̀ náà, kó ní "wọ́n ní kí n kí yín ni", kó sì sáré padà sílé. Ìyẹn gan-an ni òwe kọ̀ fún un. Bí ó bá tìtorí ojú ẹni tó wà níwájú rẹ̀ yí iṣẹ́ padà, kí ni yóò sọ fún ẹni tó rán an? Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ràn àrokò àwọn baba wa. Ẹyọ owó mẹ́fà tí a so pọ̀ ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí ẹ̀fà ni. Mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọra, nítorí ẹ̀jọ ni. Ẹni tó gbé e dání kò lè bù ú kù, kò sì lè fi oyin sí i.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ "jíhìn" fúnra rẹ̀. "Jẹ́ iṣẹ́" ló di "jíṣẹ́", "jẹ́ ìhìn" ló di "jíhìn". Iṣẹ́ là ń gbé lọ, ìhìn là ń gbé bọ̀. Ìyá tó fún ọmọ lówó pé kó lọ ra epo lọ́jà Sábó, iṣẹ́ ló gbé lé e lọ́wọ́. Bí ọmọ bá dé, epo náà, ṣẹ́ńjì, àti àlàyé pé epo ti gbówó lórí tàbí pé òun gba ibòmíràn lọ, gbogbo rẹ̀ pọ̀ ló di ìhìn. Ọmọ tó gbé epo kalẹ̀ tó sì bá eré lọ kò tíì jíhìn, kódà kí ìgò kún dé ẹnu. Ó ń dùn mí pé bí wọ́n bá ti ní kí ẹnì kan wá jíhìn lónìí, ńṣe la máa ń rò pé ó ti jalè. Ìyá tó bi ọmọ rẹ̀ pé "ṣẹ́ńjì dà?" kò pè é lólè. Ọmọ tó bá fárí gá sí ìbéèrè yẹn ló ń fa ìfura sí ara rẹ̀.

Ta ló wá rán kọmíṣọ́nnà? Bàbá ní gómìnà ni, ó sì gbà á dé ìdajì. Nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 192, gómìnà ló ń mú orúkọ rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n kò lè gba ipò náà àfi bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni mínísítà: abala 147 ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí orúkọ rẹ̀. Owó tó ń ná ńkọ́? Gómìnà ń gbé àbá ètò ìṣúná wá lọ́dọọdún, àwọn aṣòfin ló sì ń sọ ọ́ di òfin. Owó kankan kò gbọdọ̀ jáde nínú àpò ìjọba láìjẹ́ pé òfin fàyè gbà á. Ibi méjì ni wọ́n ti rán an, kò sì lè padà sí ẹyọ ibì kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ kan tó tún ń fa ìbínú ni "pè". Bí Yorùbá bá ní "wọ́n pè é", ó lè jẹ́ pé wọ́n pè é síbi ìkómọ, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n pè é sí àgọ́ ọlọ́pàá. Òfin ya méjèèjì sọ́tọ̀. Abala 108 ní kọmíṣọ́nnà gbọ́dọ̀ yọjú sílé aṣòfin bí wọ́n bá ké sí i pé kó wá ṣàlàyé bí iléeṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe. Abala 67 sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nípa mínísítà. Ìkésíni nìyẹn, ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ó bá wá di ìwádìí, abala 128 àti 129 (88 àti 89 ní ti ìjọba àpapọ̀) fún ilé náà lágbára láti fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí ènìyàn, láti ní kó kó ìwé owó wá, kódà láti fi ìwé àṣẹ gbé e wá bó bá kọ̀ tí kò ní àwíjàre. Agbára yẹn ní ààlà. Kí wọ́n lè ṣòfin, kí wọ́n lè tún òfin tó wà ṣe, kí wọ́n sì lè tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ àti ìfowóṣòfò ni a ṣe gbé e fún wọn. Aṣòfin tó bá fi gbẹ̀san lára ẹni tí kò gbé iṣẹ́ àgbàṣe fún un ti ṣi agbára lò.

Nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, kò sí wàhálà ìkésíni rárá, nítorí inú ilé aṣòfin ni mínísítà ń jókòó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣì rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ní ọ̀sán Ọjọ́rú, bí ilé bá ń jókòó, olórí ìjọba wọn ń dìde dúró dáhùn ìbéèrè. Àwa gba ètò ìjọba ààrẹ ní 1979, aṣòfin tó bá sì gba ipò mínísítà gbọ́dọ̀ fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀.

Ibí yìí ni òwe bàbá ti wọlé. Ẹ wo àwọn tó jókòó níwájú kọmíṣọ́nnà yẹn. Ìkòròdú ní aṣojú méjì nínú ogójì tó wà nílé aṣòfin Èkó, ọ̀kan nílé aṣojú-ṣòfin l'Abuja, a sì jọ ní sẹ́nétọ̀ kan pẹ̀lú Ẹ̀pẹ́, Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, Kòsọ́fẹ́ àti Ṣómólú. Ojú wa ni aṣojú ń ṣe. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́ ní Ìmọ́ta, tí oògùn kò sí nílé ìwòsàn ní Ìgbógbó, ẹnu rẹ̀ la fi ń bèèrè. Àwa la rán an, àwa ló yẹ kó bẹ̀rù. Kọmíṣọ́nnà tó wà níwájú rẹ̀ ni òwe pè ní "ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún". Inú mi máa ń bàjẹ́ bí mo bá gbọ́ aṣòfin tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ kọmíṣọ́nnà títí pé ó ráyè wá, tó sì jókòó láì bèèrè ohun kan. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ fún ìdìbò tó ń bọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn àgbà ẹgbẹ́, kò sí lọ́wọ́ ìyá alákàrà ní Ìpakodò.

Ẹ̀rù ìdáhùn náà sì wà. Ní oṣù Keje 2020, ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó kan nílé aṣojú-ṣòfin ń wádìí owó NDDC, àjọ tó ń mójú tó ìdàgbàsókè Niger Delta. Bí mínísítà ṣe ń dáhùn, ó ní àwọn aṣòfin fúnra wọn ló ń jẹ àǹfààní iṣẹ́ àgbàṣe ibẹ̀ jù. Kíá ni wọ́n ní kó pa máìkì. Nígbà tó yá, abẹnugan ilé fún un ní wákàtí 48 kó fi dárúkọ wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi "pa máìkì" ṣe ẹ̀fẹ̀ títí. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. A rán ènìyàn pé kó lọ gba ìhìn wá, ìhìn ń bọ̀ lọ́nà, ó di etí. Kí ló máa kó bọ̀ wálé fún wa?

Bàbá lè wá ní, ṣé kí ọmọdé máa nàka sí àgbà nìyẹn? Rárá o. Yorùbá ti ṣètò ìyẹn pẹ̀lú òwe mìíràn: bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ kò yí padà, ọ̀nà tí a gbà jẹ́ ẹ ló dára. Abala 97 gba ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti lo èdè ìbílẹ̀, ilé aṣòfin Èkó sì máa ń fi Yorùbá jókòó ní Ọjọ́bọ̀. Èdè wa kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀kò ọ̀rọ̀ lu àgbà, síbẹ̀ ó lè mú ju ọ̀bẹ lọ: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, lọ́dún tó kọjá a fọwọ́ sí iye báyìí fún ọ̀nà yìí. Èló ló jáde? Ta ló gba iṣẹ́ náà? Ibo ló bá a dé?" Ẹ dúró díẹ̀ lórí "èló ló jáde". Owó tó wà nínú ìwé ìṣúná kò ju ìlérí lọ. Ó lè jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ni wọ́n fún iléeṣẹ́ náà, ó sì lè jẹ́ pé kọ́bọ̀ kò jáde. Ẹni tó bá fo ìbéèrè yìí lè bú aláìmọwọ́mẹsẹ̀, ó sì lè jẹ́ kí ẹni tó kó owó jẹ sọ pé owó kò dé. Ìwé àgbà aṣàyẹ̀wò owó ìjọba ni ìbéèrè tó gbóná jù ti ń jáde. Abala 125 fún un ní 90 ọjọ́ láti ìgbà tí ìwé ìṣirò owó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kó gbé àbájáde rẹ̀ lọ sílé aṣòfin, kí ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó owó ìlú sì jókòó lé e lórí.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa lọ́nà Odògúnyàn. A dáwó tiransifọ́mà, oṣù mẹ́ta kọjá, iná kò dé. Ẹgbẹ́ onílé rán ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe akọ̀wé wa sí akápò, pé kó lọ bèèrè ibi tí owó wà. Akápò yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọ̀rẹ́ bàbá akọ̀wé ni. Ọmọ náà lọ, ó jẹ iyán, ó padà wá ní bàbá ní kí a ní sùúrù. A ní, "Ṣé o bi wọ́n léèrè owó?" Ó dákẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì a rán ìyá kan tó ń ta ẹja ní Èbúté. Ó kúnlẹ̀, ó kí bàbá, ó kí ìyá ilé, ó bèèrè àlàáfíà àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá, àdúgbò ló rán mi wá. Wọ́n ní èló lẹ gbà, èló lẹ ná, rìsíìtì dà?" Bàbá kò bínú rárá. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé ìwé kan jáde láti inú àpótí, orúkọ gbogbo ilé wà níbẹ̀, ti ẹni tó san àti ti ẹni tí kò san. Owó kò tíì pé ni. Ilé méje ló jẹ gbèsè, ojú sì ń ti bàbá láti dárúkọ wọn nípàdé. Ilé bàbá akọ̀wé wa wà lára wọn.