Ẹ gba òǹtẹ̀ ìrántí, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó kan pásípọ́ọ̀tù yín

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní ẹ̀yin àti bàbá àwọn ọmọ fẹ́ fi àyájọ́ ọdún 25 ìgbéyàwó yín wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú omi ní Buenos Aires, kí ẹ gba ìsàlẹ̀ pátápátá Gúúsù Amẹ́ríkà yọ sí Chile. Ẹ ní wọ́n ti sọ fún yín pé àwọn ìmígíréṣọ̀n kì í sábà lu òǹtẹ̀ fún èrò ọkọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Ẹ wá ń bèèrè ibi tí ẹ ti lè rí òǹtẹ̀ ìrántí, èyí tí kì í ṣe ti ìmígíréṣọ̀n, gbà sínú pásípọ́ọ̀tù yín, àti bóyá ó lè dá wàhálà sílẹ̀.

Ó lè dá a sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ojú èmi rí i. Ọ̀nà tí ẹ ń lọ yìí gan-an ni èmi àti ìyàwó mi gbà ní oṣù kìíní ọdún 2018. Òǹtẹ̀ mẹ́ta ni mo gbà sínú pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì mi, ọ̀kan nínú wọn ni kò jẹ́ kí n bá wọn ṣe ọgọ́rin ọdún màmá mi.

Ìdí tí òǹtẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n fún èrò inú ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni pé kì í ṣe bíi bọ́dà Sẹ̀mẹ̀, tí kálukú ń sọ̀ kalẹ̀ mú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, wọ́n á ti fi orúkọ gbogbo èrò àti nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù wọn ránṣẹ́ sí èbúté. Tí àwọn aláṣẹ ibẹ̀ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó parí. Káàdì tí wọ́n fún yín nínú ọkọ̀ lẹ máa fi sọ̀ kalẹ̀, òun náà lẹ máa fi padà wọlé. Nínú ọkọ̀ tiwa, ọjọ́ tí a wọlé ni wọ́n ti kó pásípọ́ọ̀tù gbogbo wa sọ́dọ̀. Èmi ni mo fẹsẹ̀ ara mi lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá tèmi padà, nítorí òǹtẹ̀ lásán. Mo máa ń rò ó títí dòní pé ká ní mo fi í sílẹ̀ níbi tó wà ni.

Mi ò ní bá yín wí pé ẹ fẹ́ràn òǹtẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń dùn mí pé ó ń pòórá. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, láti ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka títẹ̀ àti àwòrán ojú rọ́pò rẹ̀ fún àwa tí a kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Nígbà tó bá yá, ìwé pélébé tí ẹ fi lọ káàkiri ayé lè mọ́ fúnfún bí ẹni pé ẹ ò jáde nílé rí.

Ushuaia ni tèmi ti ṣẹlẹ̀. Ìlú ìsàlẹ̀ pátápátá Argentina ni, òun ni wọ́n ń pè ní òpin ayé. Ọkọ̀ máa ń gúnlẹ̀ sí èbúté inú ìlú gan-an, ilé ìtọ́sọ́nà àlejò ò sì jìnnà síbẹ̀ rárá. Òǹtẹ̀ wà lórí káńtà wọn, oríṣiríṣi, ọ̀fẹ́ ni. Mo mú èyí tó ní àwòrán ẹyẹ penguin, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ íǹkì dáadáa, mo sì fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé òfìfo kan. Ó dára lójú mi bí ohun tí wọ́n yà. Ìyàwó mi ń pè mí lẹ́nu ọ̀nà pé ọkọ̀ ò ní dúró dè wá. Mo pa ìwé dé, mo tì í bàpò, mo sì sáré.

Íǹkì ò tíì gbẹ. Ojú ewé tó kọjú sí i sì ni físà Nàìjíríà mi wà, ọlọ́dún méjì tí mo gbà ní ọdún 2017, nítorí pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà mi ti parí nígbà náà, mi ò sì tíì tún un gbà. Nígbà tí mo ṣí i lálẹ́, mo rí i pé òjìji ẹyẹ náà ti lẹ̀ mọ́ orí físà: ẹnu rẹ̀, orí rẹ̀, àti díẹ̀ nínú àyà rẹ̀. Mo fi táwẹ́ẹ̀lì tó tutù nu ún. Ó wá fẹjú sí i. Mo ní kò burú, mo gbàgbé rẹ̀.

Oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni màmá mi pé ọgọ́rin ọdún ní Abẹ́òkúta. Mo dé pápákọ̀ òfúrufú ní London pẹ̀lú àpótí méjì, gèlè àti bàtà tí màmá fúnra wọn ní kí n bá àwọn rà wà nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà ń ṣí pásípọ́ọ̀tù mi, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, ó wá dúró. Ó fi èékánná tọ ẹnu ẹyẹ náà lórí físà. Ó ní, “Kí lèyí, sà?” Mo ṣàlàyé. Ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá gbé e súnmọ́ iná, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní àmì tí kì í ṣe ti ọ́fíìsì físà ti wà lórí físà, pé àwọn ò lè gbé mi. Mo bẹ̀bẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ màmá mi. Ó káàánú mi lóòótọ́, mo rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà.

Mo bínú sí wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó tó yé mi. Tí ilé iṣẹ́ bàlúù bá gbé ẹni tí ìwé rẹ̀ ò pé, àwọn ló máa gbé e padà, àwọn náà ló sì máa san owó ìtanràn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè gba £2,000 lọ́wọ́ wọn lórí ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n bá gbé wọlé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà ní káńtà ò ní fi iṣẹ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ nítorí ẹyẹ tiyín. Ohun tó sì jẹ́ kí n pa ẹnu mọ́ pátápátá ni pé wọ́n kọ ọ́ sínú pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ pé ohun ìní ìjọba ni, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láti yí i padà. Inú ìwé ìjọba ni mo ti ń tẹ òǹtẹ̀ bí ọmọdé.

Pásípọ́ọ̀tù tuntun, lẹ́yìn náà físà tuntun: ọjọ́ ayẹyẹ ti kọjá kí méjèèjì tó dé. Orí fóònù ni mo ti wò ó, nínú yàrá mi. Gbogbo àwọn ọmọ kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, màmá wá ń wo ọ̀tún wo òsì, mo sì gbọ́ ohùn wọn ketekete, “Àjàní dà?” Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣe yín.

Ohun tí mo ní kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ ra ìwé kékeré kan tó tó pásípọ́ọ̀tù, kí ewé rẹ̀ nípọn, kó má nílà. Ẹ mú tíṣù pélébé dání, ẹ máa fi í sáàárín ewé kí ẹ tó pa á dé. Ẹ kọ ọjọ́ sábẹ́ òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ níbẹ̀, ẹni tí ẹ bá pàdé, bí òtútù ṣe mú tó. Pásípọ́ọ̀tù ò láyè fún ìyẹn. Ní ọdún 2023, nígbà tí a lọ sí Alaska, ìwé ìrántí tí àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń pè ní pásípọ́ọ̀tù la rà, èyí tí wọ́n ti ń tà láti ọdún 1986. Orúkọ ibẹ̀ àti ọjọ́ ló wà lára òǹtẹ̀ wọn. A gba ti ìlú Skagway. Ní ọgbà Glacier Bay, àwọn olùtọ́jú ọgbà fi ọkọ̀ kékeré wá bá wa lójú omi, wọ́n gun àkàbà wọ inú ọkọ̀ wa, wọ́n sì gbé òǹtẹ̀ wọn dání. Èmi àgbàlagbà yìí ni mo kọ́kọ́ wà lórí ìlà.

Ẹ tún bi mí nípa òǹtẹ̀ Port Lockroy ní Antarctica, ilẹ̀ yìnyín ìsàlẹ̀ ayé, níbi tí pósófíìsì wà láàárín àwọn penguin. Tí ọkọ̀ yín bá kó ju 500 èrò lọ, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ẹnikẹ́ni kalẹ̀ ní Antarctica, nítorí náà ẹ má fi í sọ́kàn. Àwọn ibì kan sì wà tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń lu òǹtẹ̀ fún èrò ọkọ̀, irú bíi erékùṣù Pitcairn àti South Georgia. Ìyẹn yàtọ̀, ẹ na pásípọ́ọ̀tù yín sí i. Ẹni tó bá mú òǹtẹ̀ dání ni kí ẹ wò: tí kì í bá ṣe ìmígíréṣọ̀n, ìwé kékeré yẹn ni kí ẹ ṣí fún un. Àwọn kan á sọ fún yín pé àwọn ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Èmi náà gba pápákọ̀ méjì kọjá pẹ̀lú ẹyẹ yẹn kí ọ̀ràn tó dé.

Tí òǹtẹ̀ ìrántí bá ti wà nínú pásípọ́ọ̀tù yín tẹ́lẹ̀, ẹ má nu ún, ẹ má sì ya ewé náà, ìyẹn ló ń bà á jẹ́ tán. Ẹ lọ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn.

Ní Stanley, ní erékùṣù Falkland, ojú omi ni ọkọ̀ ńlá máa ń dúró sí, ọkọ̀ kéékèèké ló máa kó yín lọ sílẹ̀. Ibi tí ẹ bá sọ̀ sí ni ilé ìtọ́sọ́nà àlejò wà, pósófíìsì ò sì jìnnà síbẹ̀. Ẹ ra káàdì, ẹ lẹ sítáǹbù rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́ẹ̀sì ara yín nílé. Òǹtẹ̀ pósófíìsì ni wọ́n máa lù sí i, ojúlówó ni, ẹnikẹ́ni ò sì ní bi yín ní nǹkan kan. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí màmá mi lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún wà nínú Bíbélì wọn. Àmọ́ afẹ́fẹ́ máa ń le níbẹ̀, ọkọ̀ a sì máa kọjá lọ láì dúró. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín bẹ́ẹ̀, ẹ fi ti Ushuaia ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kí íǹkì gbẹ.