Ìgbéyàwó lẹ́yìn tí fọ́ọ̀mù PR Kánádà ti wọlé

Ẹ kú oríire ìyàwó o. Ìbéèrè yín pé ṣé ẹ lè dákẹ́ títí PR (àṣẹ láti máa gbé Kánádà títí lọ) á fi jáde kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ ti gbéyàwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò rárá. Títí dìgbà tí wọ́n bá sọ yín di PR gan-an, ohun tó bá yí padà lẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí IRCC (iléeṣẹ́ ìjọba Kánádà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wọ̀lú) mọ̀, ẹ lo webform wọn, ẹ kọ nọ́ńbà application yín sí i, ẹ fi sáàtífíkéètì ìgbéyàwó ránṣẹ́, kódà bí ìyàwó ò bá ní bá yín lọ báyìí, wọ́n ṣì máa ní kó ṣe medical (àyẹ̀wò ìlera).

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí: tẹ́ ẹ bá fi í pamọ́, tẹ́ ẹ wá fẹ́ sponsor ẹ̀ kó wá bá yín lọ́jọ́ iwájú, òfin ìwọ̀lú Kánádà, R117(9)(d), lè dí i lọ́nà pé ẹ ò dárúkọ ẹ̀, wọn ò sì yẹ̀ ẹ́ wò nígbà náà. Ẹ̀yin níbẹ̀, òun nílé, ta ló fẹ́ irú ẹ̀? Tí wọ́n bá tún kà á sí misrepresentation (pé ẹ parọ́ tàbí ẹ fi òótọ́ pamọ́), ọdún 5 ni wọn ò fi ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọ Kánádà, PR tó wà lọ́wọ́ pàápàá wọ́n lè gbà á.

Tó bá jẹ́ torí máàkì Express Entry (ètò tí Kánádà fi ń fi máàkì yan àwọn tó fẹ́ gba PR) lẹ ṣe ń bẹ̀rù, ẹ kọ ọ́ pé kò ní bá yín lọ, bí ẹni tó dá wà ni wọ́n á ṣe ṣírò yín, àmọ́ kó jẹ́ òótọ́ o. Ẹni tó bá ti ń gbé pọ̀ bíi tọkọtaya fún ọdún 1 náà kì í ṣe single lójú wọn.