Má fi ilé tó ò ń kọ́ ní Ọ̀tà pamọ́ fún àwọn ará housing

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tó o kọ. O ní lẹ́tà dé látọ̀dọ̀ housing, ọ́fíìsì tó ń bá ẹ san lára owó ilé ní Amẹ́ríkà níbí, pé kó o wá kọ gbogbo dúkìá tó o ní sílẹ̀, ilé àti ilẹ̀, ibi yòówù kó wà, bẹ́ẹ̀ sì rèé o ní ilé kan tó ò ń kọ́ díẹ̀díẹ̀ ní Ọ̀tà tó ti kan òrùlé, ẹnì kan wá ní kó o dákẹ́, pé ta ló fẹ́ mú wọn dé Ọ̀tà, ẹlòmíì ní kó o sáré yí ìwé ilẹ̀ sórúkọ ẹ̀gbọ́n ẹ. O tún ní ọkọ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìwé ẹ̀ ò tíì jáde, àti pé o gbọ́ pé Section 8, ètò ìrànlọ́wọ́ owó ilé tá a wà nínú ẹ̀ yìí, ti fẹ́ kógbá sílé. Jọ̀ọ́, má tẹ̀lé ìmọ̀ràn àwọn méjèèjì yẹn. Ọdún kẹsàn-án tí mo ti wà lórí voucher, ìwé tí wọ́n fi ń báni san lára owó ilé, nìyí ní Texas níbí, wọ́n ti kọ lẹ́tà lé mi jáde rí, mo mọ bó ṣe ń rí kéèyàn máa ka irú lẹ́tà yẹn lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ iṣẹ́ òru ṣì wà lọ́rùn.

Jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti ilé. Òfin tí wọ́n fi ń bi ẹ́ ní ìbéèrè yẹn, HOTMA ni wọ́n ń pè é, 2016 làwọn aṣòfin ti ṣe é, oṣù kejì 2023 ni HUD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé, tó gbé àlàyé ẹ̀ jáde, látìgbà yẹn ni wọ́n sì ti ń sún ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ síwájú. Ìdí nìyẹn tí ọ́fíìsì kan fi ti ń lò ó tí òmíì ò tíì bẹ̀rẹ̀. Tí ọ̀rẹ́ ẹ tó wà ní county kejì bá ní wọn ò bi òun ní nǹkan kan, ó lè má purọ́.

Ohun tó wà nínú òfin náà ni pé bí gbogbo dúkìá ìdílé kan bá ju 100,000 dọ́là lọ, wọn ò gbọ́dọ̀ gbà wọ́n wọlé. 100,000 yẹn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi díẹ̀ kún un lọ́dọọdún bí ọjà ṣe ń gbówó lórí, ní 2025 ó ti di 103,200. Ọ̀tọ̀ lèyí tó kan ilé: tó o bá ní ilé tó ṣeé gbé, tó o lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ibẹ̀, tó o tún láṣẹ láti tà á, ìyẹn náà lè dí ẹ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ pé pọ̀ o. Ilé tí ò ní ilẹ̀kùn, tí ò ní fèrèsé, tí ò sí iná tí ò sí omi níbẹ̀, kò tíì ṣeé gbé. Òfin yẹn fúnra ẹ̀ tún yọ ilé tó bá jìnnà débi tó máa ni ìdílé lára sílẹ̀, ó dárúkọ ibi iṣẹ́ àti ilé ìwé, a ò sì lè sọ pé kéèyàn máa ti Ọ̀tà wá síṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ìwọ tó o sì ti wà nínú ètò náà tẹ́lẹ̀, ọ́fíìsì ẹ láṣẹ láti má lo apá yẹn fún ẹ rárá, tàbí kó fún ẹ láyè díẹ̀ tí ò ju oṣù mẹ́fà lọ láti wá nǹkan ṣe sí i. Èyí tí wọ́n mú wà nínú ìwé ètò wọn, Administrative Plan ni kó o ní o fẹ́ rí, gbogbo ayé ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kà á, wọn ò lè ní o ò lè rí i.

Ká wá ṣírò ẹ̀. O ní bó ṣe wà yìí, tilẹ̀tilé, kò sẹ́ni tó máa san ju mílíọ̀nù 45 náírà lọ. Ká fi dọ́là kan sí 1,500 náírà, 30,000 dọ́là nìyẹn, wọ́n á tún yọ owó lọ́yà àti owó ejẹ́ǹtì téèyàn máa ná tó bá fẹ́ tà á. Ibo ni 30,000 wà, ibo ni 100,000 wà? Tí gbogbo dúkìá ẹ ò bá ju nǹkan bíi 50,000 lọ, òfin gbà kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ tí ìwọ fúnra ẹ fọwọ́ sí, láìsí pé wọ́n ń wá ẹ̀rí kiri. Ohun tó máa yí ìṣirò padà ni tó o bá fi ayálégbé sínú ẹ̀ lọ́la, torí owó tí ayálégbé bá ń san, owó tó ń wọlé fún ẹ ni, kó o kọ ọ́ sílẹ̀.

Yíyí tí wọ́n ní kó o yí i sórúkọ ẹ̀gbọ́n ẹ yẹn gan-an ló máa dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n á bi ẹ́ nínú fóòmù yẹn bóyá o ti fún ẹnikẹ́ni ní dúkìá, tàbí o tà á ní ọ̀pọ̀, láàárín ọdún méjì sẹ́yìn. Tó o bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á ṣì máa ka iye ilé yẹn mọ́ ẹ títí ọdún méjì á fi pé, ilé á sì ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ. Tó o bá ní rárá, irọ́ lo fọwọ́ ara ẹ kọ sórí ìwé ìjọba àpapọ̀ yẹn, irọ́ ló sì ń lé èèyàn jáde nínú ètò yìí ju ilé lọ. Ẹni tó ń lo green card tó ń retí àtidi ọmọ ìlú ò gbọ́dọ̀ dán an wò.

Mò ń sọ bẹ́ẹ̀ torí èmi náà rò ó. Bàbá mi kú ní 2023, ilé wọn wà ní Abẹ́òkúta, àwa méje ni wọ́n bí. Nígbà tí irú fóòmù yìí dé ọ̀dọ̀ mi, ọkàn mi ní kí n kọ "kò sí". Mi ò gbọ́ tiẹ̀, mo kọ ilé náà síbẹ̀. Caseworker mi, ẹni tó ń mójú tó fáìlì mi ní ọ́fíìsì, ọmọdébìnrin kan báyìí, bi mí pé èló ni ìpín tèmi, mo ní kò sí ìpín, ilé ẹbí ni. Kò yé e. Ó ní ṣebí ẹ̀yin méje lẹ jogún ẹ̀, ẹ pín in sí méje nìyẹn. Mo ṣàlàyé ṣàlàyé, mo ní mo lè sùn níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá dé, ṣùgbọ́n bí mo bá ní mo fẹ́ ta yàrá kan ṣoṣo níbẹ̀, gbogbo ẹbí ló máa dìde sí mi. Ó ní kí n mú ìwé wá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ búra ní kóòtù ní Abẹ́òkúta, olórí ẹbí fi ìka tẹ lẹ́tà kan pé ẹnikẹ́ni ò lè dá ilé náà tà láìjẹ́ pé ẹbí fohùn ṣọ̀kan, wọ́n fi ojúlówó ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, àmì ìka bàbá yẹn wà níbẹ̀ pẹ̀lú tàdáwà aró. Oṣù kan àtààbọ̀ ni gbogbo ẹ̀ gbà. Wọ́n gbà á, torí dúkìá téèyàn ò láṣẹ lábẹ́ òfin láti tà, wọn kì í kà á mọ́ ọn. Ilé bàbá mi wà nínú fáìlì mi báyìí, mo sì ń sùn dáadáa.

Ohun tójú mi rí ní 2022 ló jẹ́ kí n máa ṣe báyìí. Ìtọ́jú àwọn arúgbó ni iṣẹ́ mi, mo wá gba iṣẹ́ kejì ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ti Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan. Mo fi pay stub, ìwé tó ń fi owó iṣẹ́ mi hàn, sínú àpò ìwé, mo sọ ọ́ sínú àpótí tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, mo bá tèmi lọ, mi ò gba rìsíìtì. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ni lẹ́tà dé pé mo fi iṣẹ́ pamọ́, pé mo jẹ 2,916 dọ́là, pé voucher mi máa parí lópin oṣù, tí mi ò bá gbà, kí n béèrè hearing, ìyẹn ni pé kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ mi, láàárín ọjọ́ 10. Ètò kan wà lórí kọ̀ǹpútà wọn tó ń jẹ́ EIV, owó tí ẹni tó gbà ẹ́ síṣẹ́ bá san fún ẹ ń hàn níbẹ̀, ohun tí wọ́n rí nìyẹn tí wọ́n ní mo purọ́. Mo sunkún títí, mi ò lè jẹun, àwọn ọmọ ń wò mí.

Ọjọ́ kẹta ni ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì júwe àwọn lọ́yà legal aid fún mi, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Ohun tí obìnrin yẹn kọ́kọ́ sọ ni pé má pè wọ́n lórí fóònù, kọ ọ́ sílẹ̀. Ìlà kan péré ni mo kọ, pé mo ń béèrè fún hearing, orúkọ mi, nọ́ńbà fáìlì, déètì, mo ṣe é ní méjì. Mo gbé e lọ fúnra mi, mo ní kí obìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì lu òǹtẹ̀ mọ́ méjèèjì. Ó ní àwọn kì í lu òǹtẹ̀ mọ́ èyí tí èèyàn ń mú lọlé. Mo ní kò burú, mo máa dúró. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú tí mo fi dúró síbẹ̀, ó ń pe ẹni tó wà lẹ́yìn mi, ó ń pe ẹlòmíì, nígbà tó rí i pé mi ò lọ, ó mú òǹtẹ̀ yẹn ó gbá a mọ́ ọn, yíǹkì pupa, déètì wà láàárín. Ìwé yẹn wà nínú Bíbélì mi dòní.

Kí hearing tó bẹ̀rẹ̀, òfin fún ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti wo gbogbo ìwé tí wọ́n fẹ́ fi tako ẹ, o sì lè mú lọ́yà dání. Lọ́yà mi ò wo fáìlì mi nìkan, ó ní kí wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n rí nínú àpótí yẹn lọ́sẹ̀ tí mo sọ tèmi síbẹ̀ jáde. Pay stub mi wà níbẹ̀! Inú fáìlì obìnrin míì tí orúkọ tiẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Adé ni wọ́n fi í sí. Mo dá a mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bírò búlúù ni mo fi kọ nọ́ńbà fóònù mi sí igun òkè. Ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní kí wọ́n dá voucher mi padà, ó ní kí n san ti oṣù kan péré, 486 dọ́là, torí mo pẹ́ kí n tó mú ìwé wá, òótọ́ sì ni mo pẹ́. 40 dọ́là lóṣooṣù ni mo fi san án tán. Èyí tó ṣì ń dùn mí ni pé kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó sọ fún mi pé ẹ má bínú. Látọjọ́ náà mi ò sọ ìwé sínú àpótí mọ́, tí mo bá fi email ránṣẹ́ mo máa ń tọ́jú ẹ̀, tí mo bá gbé e lọ mo máa ń gba òǹtẹ̀.

Ní ti pé Section 8 ti fẹ́ kógbá sílé, ìròyìn méjì ni wọ́n pò pọ̀ fún ẹ. Nígbà Kòrónà, ní 2021, ìjọba gbé bílíọ̀nù 5 dọ́là kalẹ̀ fún voucher pàjáwìrì 70,000, fún àwọn tí ò nílé lórí àtàwọn tó sá fún ẹni tó ń lù wọ́n nínú ilé. Emergency Housing Voucher lorúkọ ẹ̀, wọ́n rò pé ó lè dé 2030, àmọ́ owó ilé gbówó lórí, owó yẹn tètè ń tán, ní oṣù kẹta 2025 HUD kọ̀wé sáwọn ọ́fíìsì pé èyí táwọn fẹ́ fún wọn yìí ni ìkẹyìn. Tó bá jẹ́ òun ni tìẹ, wàá rí EHV, ìkékúrú orúkọ yẹn, nínú ìwé ẹ, lọ bi wọ́n lọ́la bóyá wọ́n ń gbé àwọn èèyàn bọ́ sórí voucher gidi, torí àwọn ọ́fíìsì kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Voucher gidi tó ti wà látinú òfin 1974, tí ìdílé tó ju mílíọ̀nù méjì lọ ń lò, ìyẹn ò tíì parí. Ìkejì ni ọ̀rọ̀ ọdún méjì tí wọ́n ń gbé kiri, pé èèyàn tára ẹ̀ le máa jáde lẹ́yìn ọdún méjì. Àbá ìṣúná ìjọba Trump ti oṣù karùn-ún 2025 ló ti wá, àbá ni, àwọn aṣòfin ò sọ ọ́ di òfin.

Ohun tó jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé ni pé owó ò tó, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ti dá fífún ẹni tuntun dúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ ẹ́ pé má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ ẹ. Ẹ̀yìn ìlà lo máa padà sí, ọdún mẹ́rin ni èmi fi dúró lórí ìlà kó tó kàn mí. Ní Texas níbí, onílé lè wò ẹ́ lójú kó ní òun ò gba Section 8, kò sí òfin ìpínlẹ̀ tó máa mú un, ìpínlẹ̀ míì wà, bíi Maryland, tó ti ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láti 2020.

Ti ọkọ ẹ ló gba sùúrù jù. Má fi í sílé láìkọ orúkọ ẹ̀, torí ẹni tí ò sí lórí ìwé tó ń gbé nínú ilé, wọ́n lè torí ẹ̀ gba voucher. Òfin kì í lé ìdílé tí ẹnì kan nínú wọn ò ní ìwé, ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n máa ń dín kù: tẹ́ ẹ bá jẹ́ mẹ́rin tó jẹ́ mẹ́ta ló lẹ́tọ̀ọ́, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni wọ́n máa fún yín. Àmọ́ oṣù kẹta 2025 ni HUD àti àwọn tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ wíwọ̀lú fọwọ́ sí àdéhùn pé àwọn á jọ máa pín ìsọfúnni, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ rí lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ ìwé dáadáa kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ ẹ̀ síbì kankan. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kẹ́ ẹ lọ, kì í ṣe oṣù tó ń bọ̀.

Wá lẹ́tà yẹn jáde lálẹ́ òní, wo déètì tó wà lókè ẹ̀ àti iye ọjọ́ tí wọ́n fún ẹ, kọ méjèèjì sábẹ́ ibí, má kọ orúkọ ẹ tàbí nọ́ńbà fáìlì. Iṣẹ́ òru ni mo wà, mi ò ní sùn títí aago méje àárọ̀, mo máa dá ẹ lóhùn.